Ẹ̀rọ tó gbà pé ọdún 1980 la wà: ìtàn bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe ń jí

Nígbà tí a tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹgbẹ́ wa ní Banigbé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí kò fojú kan iná, ọjọ́ tó kọ sójú rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwa àgbà kò tètè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí ń dárúkọ, République populaire du Bénin ni orílẹ̀-èdè wa ń jẹ́, Mathieu Kérékou ló wà lórí àlééfà, 50 fúráǹkì CFA la sì ń fi gba fúráǹkì Faransé kan. Ní òdìkejì ẹnubodè Igolo, oṣù mẹ́ta péré ni Shehu Shagari lò lórí oyè lẹ́yìn tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM tó gbé àkọ́kọ́ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ wa ń pe ọjọ́ tí a kò tíì bí baba ńlá rẹ̀.

Kì í ṣe eré la fi tan án. Nínú àwo ìpamọ́ rẹ̀ ni orúkọ àwọn agbo ilé wà, pẹ̀lú oríkì wọn, àti ìtàn bí olúkúlùkù ṣe dé ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn, èyí tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wọ káà ilẹ̀. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ṣáájú kí a tó tẹ̀ ẹ́ ti di oúnjẹ ikán. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ náà pe ọjọ́ rẹ̀ tán, ó kọ ọ́ pé òun kò rí àwo kankan. Oníṣẹ́ kan tí a pè wá wò ó, ó mi orí, ó ní àwo náà ti kú, kí a gbé gbogbo rẹ̀ dànù. Ohun tó sọ kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Ìmọ̀ tí ì bá fi dá a lóhùn ti di ìtàn, ìtàn náà ni a sì fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ọ̀rọ̀ Faransé kan wọlé. Amorçage ni àwọn elédè Faransé ń pe jíjí tí kọ̀ǹpútà ń jí. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀rọ ìfami àtijọ́ rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń wí: bí inú rẹ̀ bá ti gbẹ, ìwọ yóò kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ dà sí i kí ó tó lè fa omi sókè. Omi ni a fi ń wá omi. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti kọ̀ǹpútà. Inú àwo ni ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò sì lè ka àwo láìjẹ́ pé ó ti ní ìlànà tí yóò fi kà á. Ta ni yóò wá bu omi àkọ́kọ́ sí i? Lórí Altair 8800 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975, ọwọ́ ènìyàn ni. Oní-nǹkan yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, yóò máa gbé àwọn ọ̀pá kéékèèké sókè sódò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún òfo tàbí ení, títí ìlànà kékeré kan yóò fi wọlé. Bí iná bá lọ, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. (Àwọn ará ilẹ̀ Faransé kì í jẹ́ kí á gbàgbé pé Micral N tí François Gernelle ṣe ti jáde ní ọdún 1973, ọdún méjì ṣáájú Altair, wọ́n sì jàre.)

IBM gba iṣẹ́ ọ̀pá yìí kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Wọ́n kọ ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ sínú ẹ̀yà kan tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í pa rẹ́ bí iná bá lọ, wọ́n sì pè é ní BIOS. David Bradley, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rọ tó kọ ọ́, náà ló fún wa ní bọ́tìnnì mẹ́ta tí a ń tẹ̀ pọ̀ láti pa ẹ̀rọ kí ó sì tún jí. Kí BIOS tó pe àwo, ó máa ń kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jí tó ń na apá na ẹsẹ̀ kó tó dìde lórí ẹní. Bí ara bá le, yóò ké kúkúrú lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá le, igbe mìíràn ni yóò ké, nítorí ó lè jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ní àrùn, tí kò sì lè kọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni rí. Igbe gígùn kan pẹ̀lú kúkúrú méjì, lórí ẹ̀rọ IBM àti ọ̀pọ̀ èyí tó lo BIOS Award, ń wí pé ẹ̀yà tó ń darí àwòrán ni ó ń dùn ún. Igbe gígùn tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lórí Award ń tọ́ka sí ọ̀pá ìrántí tí kò jókòó dáadáa. Ìlù ni igbe yìí. Ẹni tí a kò bá kọ́ ní èdè rẹ̀ yóò gbọ́ ariwo lásán, ó sì burú díẹ̀ pé olúkúlùkù ilé-iṣẹ́ ló ń lu ti tirẹ̀: Award kò lù ú bí AMI ṣe ń lù ú. IBM tún ń kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀rọ: 201 fún ọ̀pá ìrántí, 301 fún pátákó bọ́tìnnì, 1701 fún àwo líle. A mọ oníṣẹ́ tó ní nọ́ńbà wọ̀nyí lórí bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Ifá.

Kọ̀ǹpútà ọdún 1981 yẹn kò ní aago. Ní gbogbo ìgbà tó bá jí ni ó ń béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀ pé ọjọ́ wo lòní. Bí ẹni náà kò bá dáhùn, yóò gba ọjọ́ kìíní ọdún 1980, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó kọ DOS fi ìbẹ̀rẹ̀ ayé sí. Ní ọdún 1984 ni IBM gbé PC AT jáde tó ní aago tirẹ̀. Bátìrì kan ló ń bọ́ aago náà nígbà tí iná kò bá sí, òun náà ló sì ń bọ́ ìrántí kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò ju 50 báìtì lọ. Nínú àádọ́ta yìí ni BIOS ń kọ ohun tó mọ̀ nípa ara rẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni yóò kọ iye ìrántí tó ní sí, irú disiki pẹlẹbẹ tó ní, àti bí àwo líle rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wa wà. Títí di bí àárín ọdún 1990 sí 1999, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni kò lè wo àwo kí ó sì dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló ń sọ fún un pé àwo náà ní òpó báyìí, orí báyìí, àti ìpín báyìí, èyí tí Faransé ń pè ní cylindres, têtes, secteurs. Bí bátìrì bá kú, ẹ̀rọ gbàgbé pé òun ní àwo. Àwo kò ṣàìsàn, ẹ̀rọ ló sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Iye àwo tó pé pérépéré tí a ti kó dà sí àkìtàn nítorí àṣìṣe yìí, láti Àjàṣẹ́ títí dé Ìkẹjà, a kò fẹ́ máa rò ó. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 2000 kò bá irú rẹ̀ pàdé, nítorí pé láti ìgbà náà ni BIOS ti ń bá àwo sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, tó ń béèrè bí ó ṣe tóbi tó.

Báwo ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe dé Banigbé? Ọ̀nà méjì ló wọ ìlú wa. Ọ̀kan ti èbúté Kútọnu wá, nínú àpótí irin tó kó ẹrù Yúróòpù tí a ń pè ní venu de France bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wá. Èkejì gba Ìdí-Ìrókò àti Igolo wọlé láti ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, níbi tí a ti ń pe irú ọjà yìí ní tòkunbọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n sọ iye fúráǹkì CFA di ìdajì, ó di 100 fún fúráǹkì Faransé kan. Ohun tuntun tó ti òkè òkun wá sì di ìlọ́po méjì lórí àtẹ. Lójú tiwa, ọjọ́ yẹn ni a fi ògbólógbòó ẹ̀rọ gbé ìyàwó. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìpàdé àwọn olórí orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé wáyé ní Kútọnu, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gba ẹnu gbogbo ènìyàn, olúkúlùkù sì ń wá kọ̀ǹpútà tí owó rẹ̀ tó.

Ẹ̀rọ tó ti ilẹ̀ mìíràn wá a máa mú àrùn ilẹ̀ náà wá. Lẹ́yìn àpótí iná ti Amẹ́ríkà, bọ́tìnnì pupa kékeré kan wà tó kọ 115 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 230 ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Iná wa jẹ́ 220. Ẹni tí kò yí bọ́tìnnì náà kó tó kì í bọ iná yóò gbọ́ ìró kan ṣoṣo, yóò rí èéfín, ó sì parí. Ìró yẹn kò sí nínú ìwé igbe kankan. Pátákó bọ́tìnnì náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fi disiki ìbẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà jí ẹ̀rọ tó ní bọ́tìnnì Faransé, tó sì fẹ́ kọ «A:», Q ni yóò tẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ M pọ̀ mọ́ bọ́tìnnì lẹ́tà ńlá. Àwa tí a ti ń ka Yorùbá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ láti kékeré kò fi bẹ́ẹ̀ ka èyí sí ìṣòro! Ti ojú ọjọ́ wa ló tún kù. Ọ̀rinrin ọdún ń ba etí ọ̀pá ìrántí jẹ́ títí tí kò fi ní fara kan ibùjókòó rẹ̀ mọ́. Róòbà tí ọmọ ilé-ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ni oògùn rẹ̀, kí a rọra fi nu etí idẹ náà títí yóò fi dán. Eruku pupa ilẹ̀ Plateau nígbà ọyẹ́ ní tirẹ̀ a máa di afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ pa.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó ti di ọ̀rọ̀ òfin. Àdéhùn Basel ti ọdún 1989 àti ti Bamako ti ọdún 1991 wà láti ká orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ lọ́wọ́ kò kí wọ́n má baà máa da ìdọ̀tí olóró sí ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí bí àgbá májèlé. Nínú àpótí irin kan náà, èyí tó bá jí jẹ́ ọjà, èyí tí kò bá jí jẹ́ ìdọ̀tí, a kò sì lè fi ojú lásán dá wọn mọ̀. Ní ọdún 2012 tí iṣẹ́ àdéhùn Basel gbé ìwádìí jáde lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè márùn-ún tó yẹ̀ wò, pẹ̀lú Ghana, Côte d'Ivoire àti Liberia. Kí a dán ẹ̀rọ wò kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi ni ẹ̀kọ́ tó ń tún jáde nínú ìjíròrò wọ̀nyí. A fara mọ́ ọn. A kàn fi ìbéèrè kan kún un ni: ta ni yóò dán an wò, ṣé ó sì mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń wí pé òun kò rí àwo lè jẹ́ aláìní bátìrì lásán?

A padà sí yàrá ẹgbẹ́. A yọ okùn iná, a tú ẹ̀gbẹ́ àpótí. Bátìrì inú rẹ̀ kì í ṣe owó ẹyọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń pè ní CR2032, tó wà nínú èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Àgbá kékeré ti àtijọ́ ni, irú èyí tó ń ṣu omi tó ń jẹ idẹ. Ó ti ṣu, ṣùgbọ́n omi náà kò tíì rìn jìnnà. A gé e kúrò, a fi ọtí ìfọgbẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ojú ibẹ̀, a sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà ni a yọ àwo jáde láti ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: 1024, 16, 63. A sọ ọ́ di púpọ̀ lórí bébà, pẹ̀lú 512 báìtì fún ìpín kọ̀ọ̀kan: 528,482,304 báìtì. A tan ẹ̀rọ, a wọ inú BIOS, a kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí àyè wọn, a sì fi ọjọ́ òní rọ́pò ọdún 1980. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, kúkúrú. Àwo bẹ̀rẹ̀ sí í yí, a gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà náà. Ìgbà tí a tẹ àwọn oríkì yẹn, Unicode kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó tẹ̀ wọ́n gba àyè lẹ́tà Faransé mìíràn fún àwọn lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́, nínú irú lẹ́tà kan tí kò sí níbòmíràn. Bí a bá kó ìwé nìkan sórí ẹ̀rọ tuntun, ọ̀rọ̀ rúdurùdu ni yóò dé ibẹ̀. Nítorí náà a kó irú lẹ́tà náà pọ̀ mọ́ ọn, a sì tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà ṣáájú kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí a ń ka bébà náà la rí i pé apá kan lo ẹ àti ọ, apá kejì sì lo ɛ àti ɔ ti álífábẹ́ẹ̀tì tí orílẹ̀-èdè wa gbé kalẹ̀ ní ọdún 1975, nínú oríkì agbo ilé kan náà, lójú ewé kan náà. A ń tún un kà nísinsìnyí pẹ̀lú àwọn ọmọ àwọn tó kì í. Ní ti ẹ̀rọ, a kò tíì rí bátìrì mìíràn tó bá a mu, nítorí náà a lẹ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ iwájú rẹ̀, ẹni tó bá sì tàn án láàárọ̀ ni yóò sọ fún un pé ọjọ́ wo lòní.