Ẹ̀rí Owó ní Ẹnubodè Yewa
Láti ìgbà tí àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti 1889 ti pààlà sáàárín Ìlaró àti Kétu, owó ìjọba méjì ni ará ẹnubodè Yewa ń ná. Ní 2009, Satoshi Nakamoto gbé ètò kọ̀ǹpútà Bitcoin jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ǹpútà tí a bá fi í sí yóò gba gbogbo àkọsílẹ̀ owó náà, tó ti ju 600 gígábáìtì lọ, yóò sì yẹ ìnáwó kọ̀ọ̀kan wò fúnra rẹ̀. Ní 2021, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ó dẹ àṣẹ náà ní 2023. Àkáǹtì ni àṣẹ náà mú. Ẹ̀rí owó náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì.