KÒKÒRÒ ALÁÌLÈFÒ TI ORÍ ÒKÈ: Ìtàn Bí A Ti Ń Sọ Ẹ̀dá Titun Lórúkọ



Ó lè ya ẹlòmíràn nínú yín lẹ́nu pé ní Abúlé Adó, lí ilẹ̀ àbàtà tí kò ní òkè kan ṣoṣo, ni mo dúró láti sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò orí òkè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Bí òjò bá dá lí àṣálẹ́, tí a sì tan iná, kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan a máa fò wọlé, pupa àti dúdú, tí ó gùn tó hóró ìrẹsì. Kì í ta ni, kì í sì bu ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara rẹ̀ yóò rí i ní ọjọ́ kejì pé awọ ara náà ti wú, ó sì ti lé, bí ẹni pé omi gbígbóná ni a dà sí i. Oró náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èmi pẹ̀lú ti fi ọrùn mi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni Wilhelm Erichson, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, sọ ní Paederus sabaeus lí ọdún 1840.

Ìdílé tí kòkòrò yìí ti wá tóbi púpọ̀. Irú tí a ti sọ lórúkọ nínú rẹ̀ ju 60,000 lọ. Àmì ìdílé náà ni èyí: èèpo líle tí ó bo ìyẹ́ yímíyímí a máa dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn wọ̀nyí kúrú bí ẹ̀wù tí ọmọdé ti dàgbà jù, tí ikùn fi yọ síta. Lábẹ́ ẹ̀wù kúkúrú náà ni ìyẹ́ gan-an ká pọ̀ sí. Linnaeus, ará Sweden, fún wọn lórúkọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1758, èyí tí a ti ń ka orúkọ ẹranko láti inú rẹ̀ títí di òní. Lí ọdún 1802, Gravenhorst, ará Jámánì, kọ ìwé lórí àwọn ẹlẹ́wù kúkúrú ti ìlú Brunswick. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ náà kò ti dáwọ́ dúró.

Nísinsin yìí, ẹ gbọ́ ohun ìyanu. Lí orí àwọn òkè gíga, a rí àwọn kòkòrò ìdílé yìí, àní àwọn kan nínú agbo Paederus pàápàá, tí ìyẹ́ wọn ti kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè fò mọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìyẹ́ ń ná ara ní oúnjẹ àti agbára. Níbi tí oúnjẹ bá wà lábẹ́ ewé láti ọdún dé ọdún, tí kò sì sí ìdí láti lọ jìnnà, ẹni tí kò ná agbára rẹ̀ lórí ìyẹ́ a máa ní èyí tí ó pọ̀ láti fi bímọ. Ọ̀ràn kan tí ó jọ èyí wà ní erékùṣù Madeira. Wollaston, ará Gẹ̀ẹ́sì, ka àwọn ìbátan yímíyímí tí ó wà níbẹ̀. Darwin sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lí ọdún 1859 pé nínú 550 irú, 200 ni kò lè fò. Ó rò pé afẹ́fẹ́ òkun ni ó ń gbé àwọn tí ń fò lọ. Òkè gíga pẹ̀lú, erékùṣù ni, bí kò tilẹ̀ sí omi yí i ká. Ẹni tí kò ní ìyẹ́ kò lè ti orí òkè kan dé èkejì. Nítorí náà ni òkè púpọ̀ fi ní irú tirẹ̀, tí a kò lè rí níbòmíràn lí ayé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ hàn fún ayé, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Yóò gun òkè, yóò kó ewé jíjẹrà lábẹ́ igi, yóò sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́ sórí aṣọ funfun, kí kòkòrò lè jábọ́. Yóò kọ orúkọ òkè náà, gíga rẹ̀, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí ó mú un sí ìwé pélébé kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò jókòó ti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Yóò wọn orí àti àyà. Yóò ṣí èèpo ẹ̀yìn láti wo bí ìyẹ́ ti kúrú tó. Yóò sì yẹ ẹ̀yà ìbímọ akọ wò, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ máa ń hàn jù láàárín àwọn tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Yóò fi í wé àwọn tí a ti sọ lórúkọ ṣáájú, nítorí òfin ni pé orúkọ àkọ́kọ́ ni ó lékè. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìkẹyìn, yóò yan ẹyọ kan ṣoṣo ní ẹlẹ́rìí orúkọ náà, a ó sì fi pamọ́ sí ilé àkójọ, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè wá wò ó. Orúkọ tí kò ní ẹlẹ́rìí dà bí ilẹ̀ tí a rà láìgba ìwé.

Ìtàn fi hàn wá bí ẹlẹ́rìí ti lè ṣègbé. Lí ọdún 1786, Palisot de Beauvois, ará Faransé, dé Oware, tí à ń pè ní Warri, ó sì rìn títí dé Bìní, ó ń kó ewéko àti kòkòrò jọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu ibùdó àwọn Faransé ní Oware, èyí tí ó wà níbẹ̀ nínú àkójọ rẹ̀ sì ṣòfò. Nígbà tí ó dé Saint-Domingue, ibi tí à ń pè ní Haiti lónìí, iná ìlú Cap-Français lí ọdún 1793 tún jó ohun tí ó kó jọ níbẹ̀. Láti inú èyí tí ó kù ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé rẹ̀ lórí kòkòrò jáde lí ọdún 1805. Iye ẹ̀dá tí ó rí ní ilẹ̀ wa tí kò sì lè jẹ́rìí sí mọ́, ta ni yóò kà á?

Ẹ ó bi mí pé, Ǹjẹ́ irú ọ̀ràn ẹ̀dá olókè kan yìí wà ní ilẹ̀ Yorùbá? Ó wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀lọ́ ni, kì í ṣe kòkòrò. Lí ọdún 1963, Arne Schiøtz, ará Dẹ́ńmákì, fi ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ó wà lí orí àwọn òkè Ìdànrè hàn fún ayé, ó sì fi orúkọ Perret, ẹni tí ó ṣe ìwádìí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ Cameroon, sọ ọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé inú odò; lí ara àpáta, nínú omi fẹ́ẹ́rẹ́ tí ń ṣàn lórí rẹ̀, ni wọ́n ti ń dàgbà. Lẹ́yìn náà, fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Lí ọdún 2014 ni A. B. Onadeko ti Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn jáde pé àwọn ti tún rí i. Báwo ni wọ́n ti ṣe mọ̀ pé òun náà ni? Nítorí pé ẹnìkan ti kọ àpèjúwe rẹ̀ sílẹ̀ dáradára ṣáájú wọn ni. Bí kò bá sí ìwé náà, ì bá ṣègbé láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun kan ti nù.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Bí a bá jó igbó pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹyẹ a máa fò lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá jó orí òkè, kòkòrò aláìlèfò kò ní ibi tí yóò sá sí, òkè náà ni gbogbo ayé rẹ̀. Bí a kò bá tí ì sọ ọ́ lórúkọ, kò sí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Sísọ ẹranko lórúkọ wà lára iṣẹ́ tí a fi lé Ádámù lọ́wọ́, iṣẹ́ náà kò sì tí ì parí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti wo ilẹ̀ dáradára, kí wọ́n sì kọ ibi àti ọjọ́ tí wọ́n rí ohun tí wọn kò mọ̀ sílẹ̀. Bí kòkòrò pupa àti dúdú náà bá sì bà lé yín lọ́rùn lálẹ́ òní, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ fẹ́ ẹ kúrò jẹ́jẹ́, kí ẹ sì rántí àwọn ìbátan rẹ̀ tí kò lè fò.