Risíìtì Owó-Orí àti Káàdì Ìdánimọ̀

Ní Ring Road níbi tí mò ń gbé, owó nìkan ni awakọ̀ takisí ń béèrè lọ́wọ́ èrò tí ń lọ sí Challenge. Ṣùgbọ́n bí èrò kan náà bá fẹ́ wọ bàálù láti Alákìá lọ sí Àbújá, wọn yóò ní kí ó mú ìwé tí ó ní orúkọ àti àwòrán rẹ̀ jáde: ìwé ìrìnnà, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀, káàdì ìdìbò tàbí ti ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó yẹ kí a bi ara wa bí a ṣe débẹ̀.

Láyé àtijọ́, ara àti ẹnu ni ẹ̀rí ẹni wà. Ilà ojú ń sọ ìlú ẹni, oríkì orílẹ̀ ń sọ ìran ẹni. Àwọn ìlàrí Aláàfin a máa fá apá kan orí wọn, kí ẹni tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè mọ̀ pé iṣẹ́ ọba ni wọ́n ń jẹ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ẹ̀rí yìí di ìwé. Owó-orí wà lára ohun tí ó fa ogun Adubi ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní ọdún 1918. Títí di ìgbà Àgbẹ̀kọ̀yà, ní 1968 sí 1969, ọkùnrin tí kò bá ní risíìtì owó-orí lọ́wọ́ lè bọ́ sọ́wọ́ akódà lójú ọ̀nà. Risíìtì náà ń jẹ́rìí pé ó ti sanwó. Kò jẹ́rìí ọmọ ẹni tí ó ń ṣe.

Òfin ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde ní 1979, ṣùgbọ́n ọdún 2003 ni a tó tò fún káàdì náà káàkiri. Òfin 2007 ni ó gbé àjọ NIMC kalẹ̀, èyí tí ó ń fún wa ní nọ́ńbà onífígọ̀ 11. Ìlú mìíràn náà kò yára: òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2005 lórí káàdì tí a lè fi wọ bàálù nínú ilé, oṣù karùn-ún 2025 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ṣẹ.

Ìdí pàtàkì wà fún un. Ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 1996, bàálù kan tí ó ń bọ̀ láti Port Harcourt já ní Ejínrìn. Ènìyàn 144 ni ó kú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Claude Ake sì wà lára wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé orúkọ èrò ni ẹbí ń sáré lọ wò. Bí Àjàní bá fi tíkẹ́ẹ̀tì Àkànní wọkọ̀, ilé tí òfò kò ṣẹ̀ ni ẹkún yóò ti sọ.

Síbẹ̀, ìṣòro wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bàbá ń sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ń sọ ọ́, bàbá àgbà náà ń sọ ọ́. Obìnrin tún ń gba orúkọ ilé ọkọ. Mo rí ìyá kan tí wọ́n dá padà ní pápákọ̀: orúkọ ọkọ ni ọmọ rẹ̀ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ bàbá ni ó wà nínú káàdì. Ìsìnkú àbúrò rẹ̀ ni ó ń lọ, wọ́n sì sin òkú náà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ máa gba ìwé ìgbéyàwó tàbí ìbúra kóòtù mọ́ káàdì irú wọn. Kí àwa ọmọ náà, kí a tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, máa béèrè pé: “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, orúkọ wo ni ó wà nínú káàdì yín?”