Ọ̀nà Òfurufú Láti Sydney sí Lọ́ńdọ̀nù

Nǹkan bí 17,000 kìlómítà ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Sydney ní Ọsirélíà àti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, bí bàálù bá gba ọ̀nà tó yá jù. Ibi tí bàálù ti gbọ́dọ̀ balẹ̀ mu epo ló ń sọ iye ọjọ́ tí èèyàn yóò lò lójú ọ̀nà náà, ó sì ti ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1919, Ross Smith àti Keith ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú mẹkáníìkì méjì, gbéra nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Nǹkan bí ọjọ́ 28 ni wọ́n fi dé Darwin. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Brisbane lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1935, ìrìn náà ń gbà tó ọjọ́ méjìlá àtààbọ̀, rélùwéè sì ni èrò ń wọ̀ ní apá kan ní Yúróòpù.

Ogun Àgbáyé Kejì ló já ọ̀nà yìí. Àwọn ọmọ ogun Japan gba Singapore ní oṣù Kejì ọdún 1942, kò sì sí ibi tí bàálù yóò ti yà mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni iléeṣẹ́ Qantas bẹ̀rẹ̀ sí í fi Catalina, bàálù tó ń balẹ̀ sórí omi, gba orí Òkun Íńdíà láti Perth lọ sí adágún Koggala ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Epo gba gbogbo àyè inú ọkọ̀, èrò mẹ́ta péré ló lè gbé. Àwọn awakọ̀ kò gbọdọ̀ lo rédíò kí ọ̀tá má baà gbọ́ wọn. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò mọ ọ̀nà. Ó ń gbà tó wákàtí 27 sí 33, oòrùn a sì yọ lójú èrò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ọ̀nà yìí, kò sí èyí tó wú mi lórí tó ìgboyà àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, bàálù Constellation ń fi ọjọ́ mẹ́rin lọ láti Sydney sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń yà ní Darwin, Singapore, Calcutta, Karachi, Cairo àti Tripoli. Nígbà tí Boeing 707 dé ní 1959, ọ̀rọ̀ náà di ti wákàtí.

Epo fúnra rẹ̀ wúwo, bàálù sì ń jó epo kó tó lè gbé epo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọkọ̀ ilẹ̀ fa Boeing 747 kan dé ẹnu ibi tó ti máa gbéra ní Heathrow ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989, kí epo rẹ̀ má baà ṣòfò. Ó dé Sydney láìyà síbì kan, ní wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 9, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ló wà nínú rẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún 2018 ni èrò tó sanwó kọ́kọ́ gbéra láti Ọsirélíà dé Lọ́ńdọ̀nù láìbalẹ̀: láti Perth, 14,498 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí 17. Ìpadàbọ̀ yá díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí atẹ́gùn òkè ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Síbẹ̀, nígbà tí ìjà gbóná ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn ní 2024, ọkọ̀ náà yí ọ̀nà padà, ó sì tún ní láti yà mu epo ní Singapore.

Ní ti Sydney fúnra rẹ̀, Qantas ti ra Airbus A350-1000 méjìlá ní 2022. Wọ́n ń fi àfikún táǹkì tó ń gba 20,000 lítà epo sí i, kí ó lè wà lókè fún wákàtí 22.