Bí Àṣẹ Ṣe Kúrò Lọ́wọ́ Ẹnì Kan Nínú Àwùjọ Python

Nígbà ọdún Kérésìmesì 1989, wọ́n ti ti ọ́fíìsì tí Guido van Rossum ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Amsterdam, ó sì ń wá nǹkan tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe nílé. CWI ni ibi iṣẹ́ náà ń jẹ́, ilé ìwádìí nípa ìṣirò àti kọ̀ǹpútà ni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní ABC, èdè tó rọrùn láti kọ́ ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn kò tẹ́wọ́ gbà tó bẹ́ẹ̀. Guido ṣa ohun tó dára nínú ABC, ó fi èyí tó kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èdè tirẹ̀. Orúkọ eré ẹ̀fẹ̀ kan tó fẹ́ràn lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Monty Python's Flying Circus, ló fi sọ èdè náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1991, ó gbé Python síta lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kí ó lò ó, kí ó sì tún un ṣe.

Ẹni tó bá tọpa ìròyìn àwùjọ náà láti ìgbà yẹn yóò rí i pé ìbéèrè kan ló máa ń wà nídìí àríyànjiyàn wọn: ta ló láṣẹ láti gbà, ta ló láṣẹ láti kọ̀? Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, Michael McLay, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ NIST, kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Python, ó béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí bọ́ọ̀sì bá lọ gbá Guido. Ìbéèrè tó ń kó ni láyà sókè ni. Gbogbo ohun tí èdè náà jẹ́ ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, NIST gbàlejò ìpàdé wọn àkọ́kọ́, nǹkan bí ogún ènìyàn ló sì wá. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Guido jẹ oyè alákòóso onínúure títí ayé. Àwàdà ni wọ́n fi oyè náà ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni abẹ gé fún ọdún mẹ́tàlélógún.

Kì í ṣe pé kò sí ètò. Láti ọdún 2000, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí nǹkan yí padà nínú Python ní láti kọ ìwé àbá tí wọ́n ń pè ní PEP, kí gbogbo ènìyàn kà á, kí wọ́n sì tú u palẹ̀. Ní 2001, wọ́n dá àjọ Python Software Foundation sílẹ̀ láti máa tọ́jú owó àti ẹ̀tọ́ èdè náà. Ní 2003, àpéjọ PyCon àkọ́kọ́ wáyé ní ìlú Washington. Ṣùgbọ́n bí àríyànjiyàn bá gùn títí, ọ̀dọ̀ Guido ni ẹjọ́ ń parí sí.

Ìpinnu tó tóbi jù tó ṣe ni Python 3, tó jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí kóòdù àtijọ́ má lè ṣiṣẹ́ lórí tuntun. Ẹni tó ti ń kọ print "Ẹ káàárọ̀" ní láti máa kọ print("Ẹ káàárọ̀"). Bí a bá fi 2 pín 3, tí Python 2 máa ń sọ pé 1 ni, Python 3 á sọ pé 1.5 ni. Àwọn wọ̀nyí kéré. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ló kan gbogbo wa jù. Nínú Python 2, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sáàárín àmì àyọlò kò ju báìtì lásán lọ. Bí ọmọ Yorùbá bá kọ len("ọmọ") sí i láti mọ iye lẹ́tà tó wà níbẹ̀, 7 ni ìdáhùn tó sábà máa ń rí gbà, nítorí pé báìtì 3 ni ọ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ti m sì jẹ́ 1. Kọ ohun kan náà sínú Python 3, wàá rí 3. Àmì ohùn ṣì ní wàhálà tirẹ̀: lẹ́tà 2 ni yóò ka ọ̀ sí, torí Unicode kò ya ààyè kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún ọ tó ní àmì ohùn lórí. Síbẹ̀, orúkọ Yorùbá kò tún jẹ́ àjèjì níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wù lè fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sọ àwọn ohun inú kóòdù rẹ̀ lórúkọ, Python 3 á sì gbà á.

Owó ńlá ni wọ́n san fún ìyípadà yìí. Iléeṣẹ́ Dropbox, níbi tí Guido fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó sọ́fítíwià orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ sí Python 3 ní 2015, ó di 2018 kó tó parí. Ọdún 2015 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé ìtọ́jú Python 2 yóò dópin. Ní 2014, wọ́n sún un sí 2020. Ẹ̀dà rẹ̀ tó kẹ́yìn jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ó lé ní ọdún mọ́kànlá tí àwùjọ kan fi ń gbé ilé méjì, mo sì gbà pé ara ohun tó rẹ Guido nìyẹn.

Ohun tó wá lé e kúrò kéré gan-an lójú. Ní 2018, ìwé àbá PEP 572 sọ pé kí a lè fún nǹkan lórúkọ, kí a sì lò ó lẹ́sẹ̀ kan náà. Tẹ́lẹ̀, a ní láti kọ

n = len(orúkọ)
if n > 10:

Àbá náà ní kí a lè kọ

if (n := len(orúkọ)) > 10:

Àmì := yìí dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní yóò ba ẹwà Python jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì le dé ibi tí èébú ti wọ̀ ọ́. Guido fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ó kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ jà báyìí mọ́ nítorí àbá kankan, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tún máa kórìíra ìpinnu òun. Ó gbé oyè sílẹ̀, kò sì yan àrólé. Ó ní kí wọ́n lọ pinnu bí wọn yóò ṣe máa ṣàkóso ara wọn.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo gbóríyìn fún jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Wọn kò pín sí méjì, ẹnikẹ́ni kò sì já oyè gbà. Wọ́n kọ àbá ìṣàkóso méje, wọ́n sì dìbò ní oṣù Kejìlá. Èyí tó borí ni ti ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí àwọn tó ń kọ Python gan-an yóò máa yàn lẹ́yìn ẹ̀dà pàtàkì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn tó ju méjì lọ kò gbọ́dọ̀ ti iléeṣẹ́ kan náà wá, kí iléeṣẹ́ ńlá má baà sọ èdè náà di tirẹ̀. Wọ́n dìbò yan Guido fúnra rẹ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ní 2019; kó tó di ìdìbò kejì, ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ìgbìmọ̀ náà ti rí ìdánwò tirẹ̀. Àgádágodo kan wà nínú Python, tí wọ́n ń pè ní GIL, tí kì í jẹ́ kí ju iṣẹ́ kan lọ ṣe kóòdù Python lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kan, bó ti wù kí ọpọlọ ẹ̀rọ náà pọ̀ tó. Ní 2023, wọ́n gbà kí a yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì sọ gbangba pé àwọn kò fẹ́ irú wàhálà Python 3 mọ́. Ẹ̀dà 3.13, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ló kọ́kọ́ gbé Python tí kò ní GIL wá fún ìdánwò. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kò ní láti fọwọ́ kan kóòdù rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, PyCon Namibia bẹ̀rẹ̀ ní 2015, PyCon Nigeria tẹ̀ lé e ní 2017, PyCon Africa sì wáyé ní Accra ní 2019, lábẹ́ ìdarí Marlene Mhangami ọmọ Zimbabwe. Owó ìrànwọ́ àjọ Python Software Foundation wà lára ohun tó ń gbé irú àpéjọ bẹ́ẹ̀ ró. Ìdí nìyí tí ìròyìn ọdún 2025 fi kàn wá. Ní oṣù Kẹjọ, àjọ náà dá ètò ìrànwọ́ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdún náà ti tán. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé àwọn ti yọwọ́ nínú owó dọ́là mílíọ̀nù 1.5 láti ọ̀dọ̀ àjọ NSF ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ààbò fún PyPI, ibi tí gbogbo ayé ti ń gba sọ́fítíwià Python. Àdéhùn owó náà ní kí àjọ náà má ṣe lọ́wọ́ nínú ètò ìdọ́gba fún àwọn tí a ti ń fi sẹ́yìn, nínú iṣẹ́ rẹ̀ èyíkéyìí. Nǹkan bí mílíọ̀nù 5 dọ́là ni gbogbo ìnáwó wọn lọ́dún nígbà náà, nítorí náà kì í ṣe owó tí wọ́n lè fojú kéré. Gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí Python Software Foundation ló fohùn ṣọ̀kan láti kọ̀ ọ́, mo sì rò pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn tó ń lo Python bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tiwọn ránṣẹ́.