Páténtì

Páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun, kí ẹlòmíràn má baà lò ó láìgbàṣẹ. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1970, 20 ọdún ni, láti ọjọ́ tí a ti kọ̀wé béèrè; òfin náà kò sì ka ìlànà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lásán sí ìhùmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí le níbi tó bá ti kan ìwé-ẹ̀rí orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí fóònù wa fi ń mọ̀ pé ojúlówó ni ìkànnì báǹkì tí a ṣí. X.509, tó jáde ní 1988, ni ìlànà àgbáyé tó sọ bí ìwé-ẹ̀rí náà yóò ṣe rí. Àfikún rẹ̀ ṣàlàyé RSA, ọgbọ́n ìṣirò tí Rivest, Shamir àti Adleman gbé kalẹ̀ ní 1977. Bẹ́ẹ̀ RSA ti gba páténtì ní Amẹ́ríkà ní 1983. Amẹ́ríkà nìkan ló ti múlẹ̀, nítorí wọ́n ti tẹ ọgbọ́n náà jáde kí wọ́n tó kọ̀wé béèrè. Nígbà náà, ẹni tó wà ní Minna ní Nàìjíríà lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó wà ní Boston ní Amẹ́ríkà tó bá fẹ́ tà á nígbà náà gbọ́dọ̀ gbàṣẹ. Lójú tèmi, kò tọ́ kí ẹnì kan máa gba owó ibodè lójú ọ̀nà tí a ní kí gbogbo ayé gbà. Àwọn tó ni RSA yọ̀ǹda rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, 2000, ọ̀sẹ̀ méjì kí páténtì náà tó parí.