Igbó Olókun
Igbó Olókun jẹ́ ojúbọ Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì jẹ́ ibi iṣẹ́ dígí àtijọ́. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ń yọ́ dígí nínú ìkòkò amọ̀, tí wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius, ará Jámánì, débẹ̀ ní 1910. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé dígí òkèèrè ni Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá. Nígbà tí a yẹ dígí náà wò, kálísíọ́mù àti alúmínà pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára dígí Yúróòpù àti ti ilẹ̀ Lárúbáwá. Ifẹ̀ ló pò ó fúnra rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Abidemi Babatunde Babalola hú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́ nínú. A ti rí irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Gao, lórílẹ̀-èdè Mali.